Geoffrey de Havilland àti ọkọ̀ òfurufú Comet

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1882 ni a bí Geoffrey de Havilland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà ìjọ ni bàbá rẹ̀. Owó tí bàbá ìyá rẹ̀ fún un ni ó fi kan ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà já lulẹ̀, ó sì fọ́. Ó kan òmíràn, èyí sì fò ní ọdún 1910. Ní ọdún 1920, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ó bí. Méjì nínú wọn kú sínú ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ bàbá wọn kàn: John ní ọdún 1943, Geoffrey kékeré ní ọdún 1946. Ẹlòmíràn ìbá ti ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ náà pa. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò náà, abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí ni ó ń fa àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ń kó èrò. De Havilland fẹ́ jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ gbígbóná sẹ́yìn kí ó lè sáré síwájú. Ronald Bishop ni ó ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n pè é ní Comet. Ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1949, ọjọ́ tí ọ̀gá náà pé ẹni ọdún 67. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 1952, ó gbé èrò láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Johannesburg. Ní ọdún 1953, ilé-iṣẹ́ Faransé kan, UAT, ń fi í gbé èrò lọ sí Dakar.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1954, Comet kan fọ́ lójú òfurufú nítòsí erékùṣù Elba. Ènìyàn 35 kú. Ní oṣù kẹrin, òmíràn fọ́ nítòsí Naples. Ènìyàn 21 kú. Ni wọ́n bá dá gbogbo Comet dúró.

Ní Farnborough, àwọn onímọ̀ gbé ara Comet kan sínú àgbá omi ńlá. Wọ́n ń fi omi tì í láti inú, wọ́n sì ń dẹ̀ ẹ́, léraléra, bí ẹni pé ó ń fò, ó sì ń balẹ̀. Páànù rẹ̀ ya. Afẹ́fẹ́ kò tó lókè, nítorí náà a máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, ara rẹ̀ a sì wú díẹ̀. Bí ó bá balẹ̀, a tún sún kì. Ẹni tí ó bá ń ká wáyà síwájú sẹ́yìn mọ̀ pé yóò ṣẹ́ níkẹyìn. Ibi igun àwọn ojú ihò tí a gé sí ara ọkọ̀ ni àárẹ̀ ti mú páànù náà.

Comet 2 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Comet 3, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó fò. Comet 4 gùn ju Comet àkọ́kọ́ lọ ní ara, páànù rẹ̀ nípọn, ẹ̀rọ rẹ̀ sì lágbára. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1958, òun ni jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ó gbé èrò kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí ni Boeing 707 ti àwọn ará Amẹ́ríkà dé, ó sì ń gba èrò púpọ̀ jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn olùrà lọ.

De Havilland kú ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1965. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Nimrod kọ́kọ́ fò, ọkọ̀ ológun tí wọ́n fi ara Comet 4 ṣe láti máa ṣọ́ òkun. Títí di ọdún 2011 ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́.