Birago Diop: Oníṣègùn Ẹran tí Ó Kọ Ewì nípa Igi àti Omi

Ní ilẹ̀ Kétu, ní Idigny àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé igi wà tí a kì í gé láìtọrọ àyè. Wọ́n mọ̀ pé bí egúngún bá jáde, bàbá tó ti lọ ni ó padà wá kí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin ará Sẹ̀nẹ̀gà kan wà tí ó fi irú èrò bẹ́ẹ̀ kọ ewì ní èdè Faransé, tí ewì náà sì rìn jìnnà káàkiri ayé. Birago Diop ni orúkọ rẹ̀. Ìwé kíkọ kọ́ ni iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun. Oníṣègùn ẹran ni.

Ọmọ tí ó gbọ́ àlọ́ kí ó tó mọ̀wé

A bí Birago Diop ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1906, ní Ouakam nítòsí Dakar. Ẹ̀yà Wolof ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó dàgbà sí. Kí ó tó mọ ìwé ni ó ti mọ àlọ́. Ní alẹ́, àwọn àgbà ilé a máa pa àlọ́ ehoro àti ìkookò fún àwọn ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pa àlọ́ ìjàpá ní ilẹ̀ Kétu.

Nígbà tí ó yá, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faidherbe ní Saint-Louis. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn akéwì Faransé pàdé nínú ìwé. Láàrin wọn ni àwọn tí à ń pè ní rómáńtíìkì wà.

Ta ni àwọn akéwì wọ̀nyí?

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn akéwì kan dìde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ní òfin àtijọ́ ti dè ewì mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n fẹ́ kí akéwì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀: ìfẹ́, ìbànújẹ́, ìbẹ̀rù, àárò. Wọ́n fi ààfin àti ìlú ńlá sílẹ̀, wọ́n yíjú sí òkè, sí igbó, sí omi.

Lamartine jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1817, ó dúró létí adágún omi kan, ó ń retí obìnrin tí ó fẹ́ràn. Àìsàn kò jẹ́ kí obìnrin náà lè wá, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Lamartine kọ ewì nípa adágún náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1820. Victor Hugo náà wà lára wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Léopoldine, kú sínú odò Seine ní ọdún 1843, baba rẹ̀ sì sọ ìrora náà di ewì.

Àwọn ọmọ Áfíríkà kọ́ irú ewì bẹ́ẹ̀ sórí ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń ka ewì nípa yìnyín ní ilẹ̀ tí yìnyín kì í ti í bolẹ̀. Birago Diop fẹ́ràn ewì wọ̀nyí tọkàntọkàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ ní àwòṣe wọn. Ewì náà dára, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbọ́ ohùn Ouakam nínú wọn.

Lẹ́yìn màlúù, ó bá onítàn pàdé

Ó rékọjá òkun lọ sí Toulouse láti kọ́ nípa ìṣègùn ẹran, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1933. Ní Paris, ó bá Léopold Sédar Senghor àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà pinnu pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ tijú ohun tí àwọn baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́.

Ní ọdún 1934, ìjọba rán an lọ sí Soudan Faransé, èyí tí í ṣe Màlì lónìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú màlúù àwọn darandaran. Ó ń rìn láti abúlé dé abúlé, ó sì ń sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú bá a. Nínú ìrìn-àjò yìí ni ó ti rí Amadou Koumba, arọ́kin tí ó mọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó sì ń gbọ́. Àlọ́ tí ó ti gbọ́ ní kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i lọ́kàn. Ọkùnrin tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí tún di ọmọdé lẹ́sẹ̀ arọ́kin.

Ogun àti àárò ilé

Ní ọdún 1942, ogun ńlá kejì sé e mọ́ Paris. Kò lè padà sí Áfíríkà títí di ọdún 1944. Òtútù mú, oúnjẹ kò tó, àwọn ọmọ-ogun Jámánì sì gba ìlú. Àárò ilé mú un gidigidi. Nígbà náà ni ó gbé kálàmù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlọ́ àwọn àgbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1947, ìwé rẹ̀ jáde: Les Contes d'Amadou Koumba. Orúkọ arọ́kin ni ó fi síwájú, kì í ṣe tirẹ̀.

Nínú ìwé náà, ìtàn kan wà nípa ọmọ-ogun kan tí ó ti ogun àwọn Faransé dé. Ó fẹ́ sọ abúlé rẹ̀ di ọ̀làjú. Ó pa àṣà àwọn baba rẹ̀ rẹ́, ó sì ba ohun tí wọ́n ń bọ jẹ́. Kò pẹ́ tí orí rẹ̀ fi dàrú. Láti ẹnu ọkùnrin tí orí rẹ̀ dàrú yìí ni Birago Diop ti jẹ́ kí a gbọ́ ewì tí ó lókìkí jù nínú gbogbo ewì rẹ̀, Souffles. Ewì náà fi yé wa pé àwọn tó ti lọ kò jìnnà sí wa: a lè gbọ́ wọn nínú igi, nínú omi, nínú iná.

Níbí ni ìyàtọ̀ wà láàrin òun àti àwọn rómáńtíìkì. Nígbà tí Lamartine bá adágún sọ̀rọ̀, ẹlẹ́rìí ni ó ń bẹ̀. Ènìyàn ń kọjá lọ, omi ń dúró. Ó ń bẹ omi náà kí ó má gbàgbé. Lójú Birago Diop, omi kì í ṣe ẹlẹ́rìí lásán. Ilé ni. Àwọn ènìyàn wa ń gbé inú rẹ̀. Nítorí náà, ìbànújẹ́ akéwì kò dá wà: ìdílé ń bẹ ní àyíká rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Senghor fi ewì rẹ̀ sínú ìwé àkójọ ewì àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1948. Birago Diop ń bá iṣẹ́ ẹran lọ, ní Côte d'Ivoire, ní Haute-Volta àti ní Mauritania. Ní ọdún 1960, ó kó ewì rẹ̀ jọ sínú ìwé Leurres et lueurs. Kò fi èyí tí ó kọ ní ìgbà èwe pamọ́. Ẹni tó bá kà á yóò rí ọ̀nà tí ó tọ̀, láti orí àwòṣe àwọn Faransé títí dé ohùn ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, ó di aṣojú Sẹ̀nẹ̀gà ní Tùnísíà. Nígbà tí ó parí iṣẹ́ náà, ó padà sí Dakar, ó ṣí ilé ìtọ́jú ẹran, ó sì ń wo ẹran sàn. Ó dákẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, tí apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó kú ní Dakar ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ti fi ewì Souffles ṣe orin.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí Birago Diop kó lọ sí òde ayé, ẹnu àwọn àgbà ni ó ti gbà á. Bí kò bá jókòó gbọ́, ikú ìbá ti mú arọ́kin lọ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Ní ilẹ̀ Kétu pẹ̀lú, àwọn àgbà wà tí wọ́n mọ orin ẹ̀fẹ̀ tí à ń kọ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n mọ orúkọ igi, wọ́n sì mọ ìdí tí a fi dá a sí. Àáké ń gé igi, ọjọ́ orí sì ń lọ. Ẹni tí ó ti mọ ìwé kíkọ ní èdè rẹ̀ lónìí, kálàmù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó jókòó ti àgbà kan lálẹ́, kí ó gbọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.