Aneurin Bevan, Alágbàwí Àwọn Aláìsàn

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1897 ni a bí Aneurin Bevan ní ìlú Tredegar, ní ilẹ̀ Wales. Awakùsà èédú ni baba rẹ̀. Aneurin kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí òun náà fi wọ inú kòtò èédú lọ. Akólòlò ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èyí dí òun lọ́wọ́ láti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pàtàkì. Ní 1925, àìsàn tí eruku èédú dá sí baba rẹ̀ lára pa á. Ìdílé rẹ̀ kò sì rí owó gbà-máà-bínú kankan gbà.

Ní Tredegar, àwọn òṣìṣẹ́ a máa dá owó jọ nínú owó iṣẹ́ wọn, kí ẹni tí ó bá ṣàìsàn lè rí dókítà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bevan rí àǹfààní ètò yìí, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1929, ó sì di Mínísítà Ìlera ní 1945. Ọ̀pọ̀ dókítà takò ó gidigidi. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ìjọba Britain bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìlú tọ́jú olówó àti tálákà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kò pẹ́ tí ìṣòro fi dé. Àwọn tí ń fẹ́ awò ojú àti eyín àtọwọ́dá ya wá bí omi, owó tí a ná sì ju èyí tí a rò lọ. Bí àpò ìlú ti wù kí ó tóbi tó, kò lè tó gbogbo aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni yóò dúró, ta ni a ó sì kọ́kọ́ tọ́jú? Lójú Bevan, bí àìsàn bá ti le tó ni ó yẹ kí a wò, kì í ṣe bí àpò ẹni ti wúwo tó. Ní 1951, nígbà tí ìjọba ń wá owó ohun ìjà nítorí ogun Korea, wọ́n ní kí aláìsàn máa san ìdajì owó awò ojú àti eyín. Bevan, tí ó ti di Mínísítà Iṣẹ́ nígbà náà, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ní 1952, ìjọba mìíràn tún bu ṣílè kan lé ìwé oògùn.

Bevan kú ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1960, ní ẹni ọdún 62. Títí di òní, àwọn tí ń dúró de iṣẹ́ abẹ kò tán ní Britain. Ṣùgbọ́n ní 2007, ilẹ̀ Wales tí a ti bí i fagi lé owó oògùn pátápátá. Ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ wa pé nígbà tí ohun kò bá tó, ọ̀nà tí a gbà pín in ni a fi ń mọ olódodo.