Michael Ventris àti Wàláà Amọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Kà

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n bá kó iṣẹ́ ọnà Gíríkì àtijọ́ sí, ìkòkò tí wọ́n ya àwòrán akọni sí lára àti ère òkúta funfun ni ojú àlejò kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Wàláà amọ̀ kéékèèké máa ń wà ní igun kan. Òmíràn rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé ọ̀pẹ, wọ́n fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa àmì wẹ́wẹ́ sí i lára, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì kọjá níwájú rẹ̀ láìdúró. Níwájú irú wàláà bẹ́ẹ̀ ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1922 ni wọ́n bí Michael Ventris ní Wheathampstead, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ṣọ́jà ni bàbá rẹ̀. Ìdílé ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Pólándì nínú. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Súwísàlándì ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, ó gbọ́ Faransé àti Jámánì níbẹ̀, ó tún gbọ́ èdè Pólándì. Ojú ẹsẹ̀ ni èdè máa ń wọ̀ ọ́ létí.

Ní 1936, ilé ẹ̀kọ́ Stowe kó àwọn ọmọ lọ sí Burlington House ní Lọ́ńdọ́nù, láti wo àfihàn àwọn ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì hú jáde ní ilẹ̀ Gíríìsì àti erékùṣù Kírétè. Sir Arthur Evans fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún 85. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í hú ilẹ̀ Knossos ní Kírétè ní ọdún 1900, tó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún wàláà pàdé, tó sì pín ìkọ̀wé ara wọn sí Linear A, èyí tó dàgbà jù, àti Linear B. Michael jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà náà bóyá òótọ́ ni pé kò tíì sí ẹni tó lè ka wàláà wọ̀nyí. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn ò sọ fún ọmọ náà ni pé Evans wà lára ohun tó fà á: ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn wàláà náà ló tẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí, ó sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé èdè inú wọn kò lè jẹ́ Gíríkì. Ta ni yóò bá irú àgbà bẹ́ẹ̀ jiyàn?

Michael náà kò bá a jiyàn. Ọdún 1940 ni ìwé ìròyìn American Journal of Archaeology gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde. Ọmọ ọdún 18 ni, ó sì rọra fi ọjọ́ orí rẹ̀ pamọ́ fún olóòtú. Àbá rẹ̀ ni pé èdè tó bá ti àwọn Etruscan ní ilẹ̀ Ítálì tan ló wà lára wàláà. Bàbá rẹ̀ ti kú ní 1938. Ìyá rẹ̀ kú ní 1940 yẹn kan náà. Ó kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ó fẹ́ Lois, wọ́n bímọ méjì, ó sì bá wọn fò nínú ọkọ̀ òfuurufú ogun gẹ́gẹ́ bí atọ́nà. Kò wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kankan rí láyé rẹ̀.

Ẹni tó yẹ kí àwa tí a wà ní ẹ̀ka yìí mọ̀ dáadáa ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ ni Alice Kober, olùkọ́ ní Brooklyn College ní New York. Nígbà tí gbogbo ayé ń méfò èdè tó wà lára wàláà, Kober kọ̀, kò méfò kankan. Àmì nìkan ló ń kà: èwo ló ń bá èwo rìn, èwo ló ń parí ọ̀rọ̀. Bébà wọ́n lásìkò ogun, ó sì ń gé ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ti lò sí káàdì kéékèèké, nǹkan bí 180,000, ó ń tò wọ́n sínú páálí sìgá.

Ohun tó rí nìyí. Ọ̀rọ̀ orúkọ tiwa kì í pa ìrù dà: bí ‘ilé’ bá jẹ́ olùwà, ‘ilé’ ni; bó bá jẹ́ àbọ̀, ‘ilé’ náà ni. Ṣùgbọ́n lára wàláà, Kober rí ọ̀rọ̀ tí orí wọn bára mu, tí ìrù wọn sì ń yí padà lọ́nà mẹ́ta. Bí àmì kọ̀ọ̀kan bá dúró fún sílébù, àmì tó wà ní oríkèé ọ̀rọ̀ yóò yí padà pẹ̀lú ìrù. Kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ kò yí, fáwẹ́lì rẹ̀ ló yí. Báyìí ló ṣe mọ àwọn àmì tó jọ ní kọ́ńsónáǹtì kan náà láìmọ bí ìkankan wọn ṣe ń dún. Kí ó tó dé ìparí iṣẹ́ náà, ó kú ní 1950, ní ọmọ ọdún 43. Ventris ti fi àtòjọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí i kí ó tó kú, pé kí ó sọ èdè tó rò pé ó jẹ́. Ó dá a lóhùn pé àfiṣòfò ni.

Ọ̀nà Kober ni Ventris wá tẹ̀ lé. Láti oṣù Kìíní ọdún 1951 ló ti ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri, bí àtẹ àmì rẹ̀ ṣe ń gbòòrò. Wàláà Pylos, tí Carl Blegen hú jáde ní ilẹ̀ Gíríìsì ní 1939, ti wà níta pẹ̀lú ìtòlẹ́sẹẹsẹ Emmett Bennett. Ventris wá ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ onírù mẹ́ta Kober wà ní Knossos, wọn ò sí ní Pylos. Bóyá orúkọ ìlú ni wọ́n? Ó dán Amnisos wò, èbúté Knossos: a-mi-ni-so. Àtẹ náà dáhùn. Ko-no-so jáde, tu-ri-so jáde, Knossos àti Tylissos nìyẹn.

Etí Yorùbá kò ní ṣàjèjì sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Knossos lọ́wọ́ akọ̀wé yẹn jọ ohun tí a ṣe sí ‘Kírísítì’ àti ‘búrẹ́dì’: fáwẹ́lì wọ àárín kọ́ńsónáǹtì tó so pọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwa ń fi fáwẹ́lì kún ìparí, akọ̀wé Knossos sì ń ju kọ́ńsónáǹtì ìparí nù.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Gíríkì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: ko-wo, ọmọkùnrin, ko-wa, ọmọbìnrin. Ventris kò fẹ́ gbà á. Nínú àkọsílẹ̀ ogún rẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1952, ó pe ọ̀rọ̀ Gíríkì yìí ní eré lásán tó yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi Etruscan ṣe ìgbàgbọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ó bọ́ sórí rédíò BBC, ó ní Gíríkì ni. John Chadwick, olùkọ́ kan tó mọ tinú-tòde èdè Gíríkì, gbọ́ ọ, ó dán an wò, ó sì kọ̀wé sí i pé àwọn lè jọ ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1953 ni lẹ́tà Blegen dé: wàláà tuntun kan láti Pylos ní àwòrán ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a kọ ti-ri-po sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó ní etí mẹ́rin ní qe-to-ro-we, aláìlétí ní a-no-we. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiyèméjì dákẹ́. Ọjọ́ orí ìkọ̀wé Gíríkì sì pọ̀ sí i ju 500 ọdún lọ.

Kò sí ewì lára àwọn wàláà náà. Iye àgùntàn, òróró, ọkà, oúnjẹ òṣìṣẹ́ ni. Àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì ọba. Kò tiẹ̀ sí ẹni tó sun wọ́n kí wọ́n lè pẹ́; iná tó jó ààfin ló sè wọ́n.

Ventris padà sídìí iṣẹ́ ilé yíyà. Òkìkí kò bá a lára mu, iṣẹ́ náà kò sì dùn mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1956, mọ́tò rẹ̀ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n páàkì nítòsí Hatfield, ó sì kú lójú ẹsẹ̀, ní ọmọ ọdún 34. Ìwé tí òun àti Chadwick kọ, Documents in Mycenaean Greek, jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Linear A ṣì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Heraklion ní Kírétè, kò sì tíì sí ẹni tó tú u.