Olorì Catherine, Opó tí Wọ́n Ṣú

Ọ̀rọ̀ opó ṣíṣú kò ṣàjèjì sí wa ní Tápà. Òun náà ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọba Gẹ̀ẹ́sì àti Póòpù.

Ọdún 1485 ni a bí Catherine, ọmọ ọba Sípéènì. Ó fẹ́ Arthur, àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1501. Kò pé ọdún kan tí ọkọ fi kú. Ní 1509, Ọba Henry Kẹjọ, àbúrò Arthur, ṣú u lópó pẹ̀lú àṣẹ Póòpù. Nínú gbogbo ọmọ tí ó bí, Mary nìkan ni ó yè. Henry ń wá ọmọkùnrin, ni ó bá ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kò tọ́ sí òun. Catherine kò gbà. Ní 1529 ó pe ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Róòmù. Ní 1534 Póòpù dá a láre, ṣùgbọ́n Henry ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì sọ ara rẹ̀ di olórí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Catherine kú ní 1536. Wọn kò jẹ́ kí ó fojú kan ọmọ rẹ̀.

Mary jọba ní 1553, ó sì bá Róòmù rẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú ní 1558, nǹkan tún bàjẹ́. Ọdún 1982 ni àárín ìlú méjèèjì tó gún pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a máa ro ti opó àti ìyá ọlọ́mọbìnrin láàrin wa.