Jon Postel: Ọkùnrin Tó Ń Tọ́jú Nọ́ńbà Íntánẹ́ẹ̀tì

Láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orúkọ ńlá ni Jon Postel. Láàárín àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn kàwé dé ọdún ìkẹyìn kó má gbọ́ ọ rí. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tí mò ń wá ohun tí màá kọ lórí iṣẹ́ ògbufọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, tí mo rí i pé àwọn kọ̀ǹpútà náà ti fìgbà kan ní wàhálà ògbufọ̀ tiwọn, àti pé ọkùnrin yìí ló kọ ètò tí wọ́n fi yanjú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1943 ni wọ́n bí Jonathan Bruce Postel ní Altadena, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Van Nuys ló lọ, níbi tí Vint Cerf àti Steve Crocker náà ti kàwé; ẹ ó tún gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Yunifásítì tí gbogbo ayé ń pè ní UCLA ló ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1966, ó gba ìkejì ní 1968, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní 1974. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, sálúbàtà ló sì fẹ́ràn láti máa wọ̀.

Ní 1969 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní IMP wá sí UCLA. Ẹ̀rọ yìí ni bàbá ńlá ráútà tòní: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan, kó sì wá ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn. ARPANET ni orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ìjọba Amẹ́ríkà ló ń náwó sí i. Postel wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ Leonard Kleinrock nígbà tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kúrò ní UCLA lọ sí SRI ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ló ń pinnu bí àwọn kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹrin 1969, Crocker bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àbá wọn sínú àwọn ìwé kéékèèké tí wọ́n ń fún ní nọ́ńbà, wọ́n sì ń pe ìwé kọ̀ọ̀kan ní RFC. Postel di olóòtú àwọn ìwé náà, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ó fi kú. Ó ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ, ó ń tún gbólóhùn ṣe, ó ń dá èyí tí kò yéni padà. Ó tún gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn tó dàbí iṣẹ́ ọmọdé: kíkọ nọ́ńbà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó fẹ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí èkejì, ilẹ̀kùn wo ni kó kàn? Ilẹ̀kùn 25. Ẹni tó fẹ́ wọlé sórí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè ńkọ́? Ilẹ̀kùn 23. Ẹni tó bá ṣe nǹkan tuntun, tó sì nílò nọ́ńbà, ọ̀dọ̀ Postel ló ń lọ. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n wá sọ ní IANA. Láti 1977 títí dé òpin ayé rẹ̀, Information Sciences Institute ti Yunifásítì Southern California, ní Marina del Rey, ló ti ń ṣe é.

Èdè tí ARPANET kọ́kọ́ ń sọ ni NCP. (Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní protocol ni mò ń pè ní èdè o. Kí àwọn olùkọ́ wa má bínú.) NCP gbà pé ojú ọ̀nà tí òun ń rìn kì í sọ ẹrù nù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ so nẹ́tíwọ́ọ̀kì rédíò àti ti sátẹ́láìtì mọ́ ọn, ìgbàgbọ́ yẹn kò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Cerf àti Bob Kahn ṣe èdè tuntun kan, TCP. Ní oṣù kẹjọ 1977, Postel kọ̀wé pé ẹrù TCP ti pọ̀ jù: kí iṣẹ́ wíwá ọ̀nà dá dúró, kí iṣẹ́ rírí i dájú pé ọ̀rọ̀ dé pérépéré náà dá dúró. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n pín in sí méjì, TCP àti IP. Ní oṣù kẹsàn-án 1981, àwọn ìwé tó ṣàlàyé wọn jáde láti ọwọ́ Postel: RFC 791, 792 àti 793.

Ó ti fi ìmọ̀ràn kan sínú ìwé TCP tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní: bí o bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tẹ̀lé òfin pátápátá, bí o bá ń gbà á, fi ojú fo àṣìṣe tí kò dí ìtumọ̀ lọ́wọ́. Àwa tí à ń ka Yorùbá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Ayé àti ènìyàn ni à ń kọ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n bí a bá rí aiye àti enia nínú ìwé àtijọ́, a ń kà á lọ ni. Àwọn onímọ̀ kan ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìmọ̀ràn náà lóde òní, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí àṣìṣe di bárakú. Mo gbà pẹ̀lú wọn díẹ̀.

Gbogbo ARPANET wá gbọ́dọ̀ fi NCP sílẹ̀ kó máa sọ TCP/IP. Kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi ló wà lórí rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ọ̀kan kì í ṣe ẹni tó ń tọ́jú èkejì, kò sì sí bí gbogbo wọn ṣe lè pààrọ̀ èdè láàárín òru ọjọ́ kan. Ní oṣù kọkànlá 1981, Postel kọ RFC 801, ètò bí wọn yóò ṣe kọjá. Fún bí ọdún kan, àwọn kan yóò máa sọ èdè àtijọ́ nìkan, àwọn kan yóò máa sọ tuntun nìkan, àwọn díẹ̀ yóò sì gbọ́ méjèèjì. Àwọn díẹ̀ yìí ni ògbufọ̀. Bí o bá fẹ́ wọlé sórí kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ èdè rẹ, wà á kọ́kọ́ wọlé sórí ògbufọ̀, wà á sì ti ibẹ̀ lọ. Bí fáìlì ni, wà á dà á kọ sọ́dọ̀ ògbufọ̀, wà á tún dà á kọ kúrò níbẹ̀. Ímeèlì nìkan ni ògbufọ̀ ń gbé kọjá fúnra rẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé Postel fi gbèdéke sí i: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ògbufọ̀ ń gba ẹrù ìhà méjèèjì, bó bá ṣubú, ìhà méjèèjì di odi síra wọn. Bí ògbufọ̀ bá sì wà níbẹ̀ títí láé, kò sí ẹni tí yóò kọ́ èdè tuntun. Láàárín 1982, wọ́n pa NCP fún odindi ọjọ́ kan kí àwọn tó ń fi iṣẹ́ falẹ̀ lè ta jí. Nígbà tó yá, wọ́n tún pa á fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn, ó sì gbà wọ́n ní oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó bá ẹgbẹ́ pé.

Ògbufọ̀ tí kò ní gbèdéke ṣì ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pàápàá níbi tí ráútà méjì bá ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì òun já máa ń lo méjì: ọ̀kan ni ọ̀gá, èkejì ni adelé. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń jẹ́ lójú àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé. Ọ̀gá ń kígbe ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan pé òun wà láàyè. Bí adelé kò bá gbọ́ igbe fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á gorí àga. VRRP ni wọ́n ń pe ìlànà yìí. RFC 2338 tó gbé e jáde dé ní oṣù kẹrin 1998, Postel ṣì ni olóòtú, nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé IANA sì ni 112.

Tí ráútà méjèèjì bá tún ń ṣe afárá fún èdè àtijọ́ bíi NetBEUI tàbí LAT, tí kò ní àdírẹ́sì tí ráútà lè fi darí rẹ̀, wọ́n kàn ń gbé e kọjá bó ṣe rí ni. Bí kò bá sí ohun tó dá ọ̀kan dúró, ọ̀rọ̀ kan náà á máa yí po láàárín wọn, á kún ojú ọ̀nà, igbe ọ̀gá kò sì ní dé etí adelé mọ́. Adelé á gorí àga nígbà tí ọba ṣì jókòó síbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò ní kú pátápátá: á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á dákẹ́, á tún jí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ pààrọ̀ ráútà. Á bi ráútà méjèèjì léèrè ta ni ọ̀gá. Bí àwọn méjèèjì bá ní àwọn ni, á dá afárá ọ̀kan dúró, á sì wò ó bóyá nǹkan á rọlẹ̀.

Irinṣẹ́ tó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ping, tí Mike Muuss kọ ní 1983. Ping ń kan ilẹ̀kùn, ó ń dúró de ìdáhùn, inú RFC 792 ti Postel ni ìkànlẹ̀kùn àti ìdáhùn náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà gba ráútà láyè láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọ̀dọ̀ ráútà mìíràn ni ọ̀nà ti yá. Ìmọ̀ràn rere ni ní 1981. Níbi tí ráútà méjì ti ń jẹ́ àdírẹ́sì kan, ó lè mú kí kọ̀ǹpútà há àdírẹ́sì gidi ti ọ̀kan sórí. Bí ìyẹn bá kú, kọ̀ǹpútà á máa pe òkú, adelé á sì jókòó síbẹ̀ láìrí ẹni bá a sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ nọ́ńbà kò dúró lórí nọ́ńbà. Nígbà tí orúkọ orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè dé nípa ibi tó jẹ́ orílẹ̀-èdè àti ibi tí kì í ṣe. Postel kọ̀ láti dá ẹjọ́ náà. RFC 1591 tó kọ ní 1994 sọ pé àkójọ lẹ́tà méjì-méjì tó ti wà tẹ́lẹ̀, ISO 3166, ni IANA yóò máa tẹ̀lé. Ibẹ̀ ni .ng tiwa ti wá. Ní 1995, wọ́n fi í sí ìkáwọ́ Yaba College of Technology.

Lẹ́yìn èyí ni owó wọ ọ̀rọ̀ náà. Kọ̀ǹpútà 13 ló di ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì mú, 12 nínú wọn ń da tiwọn kọ láti ara ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Network Solutions, tó bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1998, Postel fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú mẹ́jọ nínú wọn pé kí wọ́n máa da tiwọn kọ láti orí kọ̀ǹpútà IANA. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe bẹ́ẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì kò já, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀. Ira Magaziner, olùdámọ̀ràn Ààrẹ Clinton, ní kó dá a padà. Ó dá a padà, ó ní àyẹ̀wò lásán ni. Bóyá àyẹ̀wò ni tàbí ìkìlọ̀, ohun tó hàn sí mi ni pé ẹ̀rọ 13 wà, adelé pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin kan tó láti yí mẹ́jọ padà, nítorí pé wọ́n gbọ́kàn lé e.

Òun náà mọ̀ pé kò yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lára àwọn tó ṣètò ICANN, àjọ tí yóò gba iṣẹ́ IANA lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1998. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, tó kú ní Los Angeles lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ọmọ ọdún 55 ni.

Joyce Reynolds, tó ti ń bá a ṣe iṣẹ́ nọ́ńbà láti 1983, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Marina del Rey kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Cerf kọ ìwé ìdárò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà bíi ti gbogbo ìwé yòókù, RFC 2468. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, 2469, jáde ní oṣù kejìlá: ìkìlọ̀ ni, lórí bí a ṣe ń to àdírẹ́sì ẹ̀rọ kí ẹni tó gbà á lè kà á bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣe kọ ọ́.