Orlando Martins: ọmọ Èkó tó kó èédú kó tó di òṣèré

Lọ́dọ̀ wa níbí, láti Daagbé títí dé Ìgólò, ọmọ tó bá fi ilé ìwé sílẹ̀, ojú ẹni tó ti bàjẹ́ la fi ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí òun náà ò parí ìwé.

Ọjọ́ 8 oṣù décembre 1899 ni wọ́n bí Orlando Martins ní Èkó. Orúkọ Martins yìí, orúkọ Portugal ni, irú èyí tí àwọn Agúdà Àjàṣẹ́ ń jẹ́. Wọ́n fi í sí Eko Boys High School, kò parí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó gba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Nínú Mauretania, ọkọ̀ ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa da èédú sínú iná tó ń mú ọkọ̀ rìn.

Ogun parí, ó dúró sí London. Iṣẹ́ tó bá rí ló ń ṣe: ó ru ẹrù ní Billingsgate, ọjà ẹja, ó ṣọ́ ilé lóru, ó fi ejò ṣeré fún èrò ìwòran, ó ja ìjàkadì gbowó. Láàárín èyí ló ti ń yọjú sí sìnẹmá. Láwọn ọdún 1920, fíìmù ò tíì ní ohùn, Martins sì wà lára àwọn tó kàn ń dúró lẹ́yìn òṣèré. Ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ní 1936, ó bọ́ sórí ìtàgé nínú eré tí C.L.R. James kọ lórí Toussaint Louverture. Paul Robeson, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ló ṣe Toussaint; Martins ṣe Boukman, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ọ̀tẹ̀ ẹrú sílẹ̀ ní Haiti ní 1791. Toussaint kì í ṣe àlejò sí wa ní Bénin: Allada níbí ni ìtàn so ìran rẹ̀ mọ́.

Ọdún 1945 ni ọ̀nà là gan-an, pẹ̀lú fíìmù The Man from Morocco. Ọmọ ọdún 45 ni. Ní 1949, ó ṣe Blossom nínú The Hasty Heart, sójà Áfíríkà kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ronald Reagan, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wà nínú fíìmù yẹn.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Nígbà amúnisìn, oníṣègùn búburú tàbí ìránṣẹ́ ni wọ́n sábà ń fi aláwọ̀ dúdú ṣe. Èyí tí wọ́n bá fún un ló ń gbà, àmọ́ ó ń ṣe é débi pé ojú ò ní kúrò lára rẹ̀.

Ní 1959, ó padà sí Èkó. Ní 1970, ó ṣeré nínú Kongi's Harvest, fíìmù tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 25 oṣù septembre 1985.

Olùkọ́ ni mí, mi ò ní sọ fún ọmọ kankan pé kó fi ìwé sílẹ̀. Ẹ ṣáà ka ọdún yẹn wò: láti ìgbà tó ti ń kó èédú títí orúkọ rẹ̀ fi jáde, ó lé ní ọdún 25. Ẹ̀yin òbí, ọmọ yín tó ń ta kpayo létí títì tàbí tó ń wa zémidjan lónìí, ẹ bá a wá iṣẹ́ tó lè kọ́, kí ẹ sì dákẹ́ èpè. Ilẹ̀ ò tíì ṣú fún un.