Julia Smith àti Owó-Orí Ilẹ̀ Glastonbury

Nínú gbogbo àwọn tí ó ti kọ owó-orí àìtọ́, ọ̀ràn Julia Smith, àgbẹ̀ obìnrin ìlú Glastonbury ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, wọ̀ wá lọ́kàn gidigidi. A bí i ní 1792. Ó gbọ́ èdè Gíríìkì, Látìnì àti Hébérù, òun nìkan ni ó sì túmọ̀ Bíbélì tí ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1876. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo iṣẹ́ ńlá!

Ní 1873, àwọn adíyelé ìlú bu owó lé iye ilẹ̀ rẹ̀, ti Abby àbúrò rẹ̀, àti ti àwọn opó méjì. Wọn kò bu ẹyọ kan lé ti ọkùnrin kankan. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kò ní ìbò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní àwọn kì yóò san án àfi bí àwọn bá lè dìbò. Ní oṣù kìíní 1874, agbowó-orí kó màlúù wọn méje lọ sí gbàǹjo. (A gbọ́ pé wọ́n fi owó-orí àti ìbò sọ màlúù méjì lórúkọ lẹ́yìn náà.) Nígbà tí ó yá, a ta ilẹ̀ wọn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ òfin ní ohun tí ó ṣeé gbé ni kí a kọ́kọ́ mú. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre nígbẹ̀yìn.

Abby kú ní 1878. Julia kú ní 1886, láìdìbò rí.